Orúkọ Ẹyọ Kan Lórí Ìwé: Bí Ẹni Tó Ń Dá Gbé Ṣe Ń Di Onílé

Ìbéèrè tí obìnrin tó ń dá gbé sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu onílé ní Èkó kì í ṣe iye tó ń gbà lóṣù. "Àǹtí, ọkọ yín ńkọ́?" ni. Bó bá dáhùn pé òun kò tíì lọ́kọ, ajẹ́ǹtì lè pè é lálẹ́ pé yàrá ti tán. Àpọ́n ọkùnrin náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀: wọ́n á ní àlejò rẹ̀ yóò pọ̀ jù, wọ́n á ní kò ní í jẹ́ kí ilé tòrò. Òfin Ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àmọ́ ẹni tó ti wá ilé rí ní Súrùlérè tàbí Yábàá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè owó ọdún méjì, owó ajẹ́ǹtì àti ti lọ́yà á sì tún gorí rẹ̀. Ẹni tó bá ti san irú owó bẹ́ẹ̀ léraléra kò ní í ṣàì ronú pé owó yìí ì bá ti sọ òun di onílẹ̀ níbì kan.

Ìrònú náà dára, ọ̀nà rẹ̀ ló rí pálapàla. Àwọn èèyàn gbà pé owó ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín tọkọtaya tó fẹ́ kọ́lé àti ẹni tó dá wà. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Níbi tí tọkọtaya bá ti ń kọ́lé, ọ̀kan lè wà níbi iṣẹ́ oṣù kí èkejì wà ní sáìtì. Ọ̀kan á fẹ́ sáré sanwó, èkejì á ní kó ṣe sùúrù. Bí àìsàn bá dá ọ̀kan dúbúlẹ̀, èkejì mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ní gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ tí yóò bá a gbé e ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kó sì rí i pé nígbà tí ẹrù bá dórí tán, ọwọ́ ẹlòmíràn kò kù sórí ìwé.

Ẹ̀tọ́ wà, ìgboyà ló kù

Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó ní kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́kọ́ lọ́kọ tàbí kó láya. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, kí obìnrin ní ohun ìní lórúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ẹfúnróyè Tinúbú kó ọrọ̀ jọ ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, Ẹfúnṣetán Aníwúrà sì ní oko ńláńlá ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé tí wọ́n dá ní Èkó, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé tí baba fi sílẹ̀, àti pé bí àgbà ọmọkùnrin bá ti kú, ọmọ tó dàgbà tẹ̀lé e ni ipò olórí ẹbí kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Síbẹ̀, nígbà tí ẹbí tó ń ta ilẹ̀ bá jókòó yíká, tí obìnrin kan ṣoṣo wá bá wọn dúnàádúrà, wọ́n lè fojú di í, kí wọ́n sì gbé owó sókè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń mú ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tàbí alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wọn dání. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni kí orúkọ ẹni tó sìn wọ́n lọ bọ́ sórí risíìtì nítorí pé òun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá kú lọ́jọ́ iwájú, orúkọ bàbá wọn ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí lórí ìwé. Òfin kò ṣàì ní ọ̀nà tí ẹni tó sanwó lè gbà fi hàn pé òun ló ni ín, àmọ́ inú kóòtù ni yóò ti fi hàn, ọ̀nà kóòtù sì jìn. Kí ẹ̀gbọ́n dúnàádúrà, kí ẹ̀gbọ́n buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí orúkọ olówó dúró ní ààyè olùrà.

Owó oṣù ẹnì kan

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà kọ́lé nílẹ̀ wa ni kí wọ́n máa fi owó ọwọ́ wọn kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yáwó báńkì ṣòro í fọwọ́ kàn: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5%, báńkì tó ń yá aráàlú lówó á sì lé tirẹ̀ lé e. Ẹni tó ń gba owó oṣù kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Àkọ́kọ́ ni owó ilé gbígbé tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ sí NHF, èyí tí òfin ọdún 1992 gbé kalẹ̀. Wọ́n á máa yọ 2.5% nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń gba ₦200,000 á máa dá ₦5,000. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà lè forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè tọrọ ẹ̀yáwó tó ti Federal Mortgage Bank of Nigeria wá, tó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn báńkì ayánilówó-kọ́lé kọjá. Ọjọ́ pẹ́ tí èlé rẹ̀ ti wà ní 6%, sísan rẹ̀ sì lè gùn tó ọgbọ̀n ọdún. Nǹkan méjì ló ń há ẹni tó dá wà níbẹ̀. Wọn kì í fẹ́ kí owó tí èèyàn yóò máa san padà kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀, kò sì sí owó oṣù ìyàwó tàbí ọkọ tí yóò pa pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Èkejì ni pé risíìtì ẹbí lásán kò tó wọn. Ìwé ilẹ̀ tó múná dóko ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú owó yìí gbọ́dọ̀ ti máa tọ́jú ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ ra ilẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ṣílẹ̀kùn rẹ̀, PenCom, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022: òṣìṣẹ́ tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ bá ti ń dá owó fún ó kéré tán ọdún márùn-ún lè yọ 25% nínú ohun tó wà ní àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó fi ṣe owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ilé tí yóò fi ẹ̀yáwó rà. Bí ₦4,000,000 bá wà níbẹ̀, ₦1,000,000 ló lè yọ. Kò lè fi ra ilẹ̀ nínú igbó, kò sì lè fi ra sìmẹ́ǹtì.

Ẹ̀kẹta, tó sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn débi tí wọ́n wà lónìí, ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pa mọ́, bó bá ti lè mú onígbọ̀wọ́ wá. Àwọn mìíràn á fi àjọ kún un, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ kí ìgbà tiwọn bọ́ sí oṣù tí wọ́n fẹ́ kan páànù. Bí ọ̀nà owó bá ti wù kó jẹ́, kí ẹni tó dá wà má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀. Kó ya owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù bíi mẹ́fà sọ́tọ̀, nítorí bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí owó oṣù kejì nínú ilé.

Ilé tí wọ́n ti kọ́ tàbí ilẹ̀?

Ìgbà kan wà tí ìjọba kọ́lé fún aráàlú ju báyìí lọ. Ọdún 1958 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ilé gbígbé rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó kọ́ Bódìjà ní Ìbàdàn. Lábẹ́ Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ilé olówó pọ́ọ́kú hù káàkiri Èkó, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pè wọ́n títí dòní. Ní ọdún 2016, Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ayálégbé fi lè san 5% owó ilé, kó sì san ìyókù láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ gbà, tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ dalẹ́, kó dì í mú: ìwé ti wà nílẹ̀, kò ní í bá bíríkìlà jà, kò sì ní í bá ọmọ onílẹ̀ pàdé. Àmọ́ àyè irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gba ti ilẹ̀.

Ní ti ilẹ̀, olówó kékeré lè lọ sẹ́yìn ìlú: Mọ́wé àti Ìbàfọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, tàbí àgbègbè Ìbàdàn níbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò. Ní Èkó, pulọ́ọ̀tì sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní 120, bíi 669 mítà onígun mẹ́rin. Ní Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ ibi ní Ògùn, 50 ní 100 ni, bíi 464. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó pulọ́ọ̀tì ibi kan wé ti ibòmíràn láì béèrè ìwọ̀n rẹ̀. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tó èèyàn kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìwà ilẹ̀, ẹ lọ wò ó ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Ẹ padà lọ lálẹ́ pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ń dá gbé ni yóò máa dá rin ọ̀nà yẹn wálé.

Ta ló ń tà á?

Ibí ni owó ti ń ṣègbé jù, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ojú kejì ti pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ ẹbí ni. Àwọn ará Èkó jà fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù: ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà níbẹ̀, wọ́n sì dá a láre ní 1921, wọ́n gbà pé àwọn aráàlú ló ni ilẹ̀ náà lábẹ́ àṣà wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ẹbí ni, ẹnì kan kò lè dá tà á. Ilé ẹjọ́ ti là á kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá, bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà tó ṣojú ẹ̀ka ìdílé, àwọn yẹn lè mú kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, kí olùrà béèrè: ta ni olórí ẹbí? Ní Ìbàdàn, ta ni Mọ́gàjí? Ojúlé mélòó ni ìdílé náà ní, ta sì ni àgbà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan? Gbogbo wọn ló yẹ kó buwọ́ lùwé. Ẹ̀rín músẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní "bàbá mi ló ni gbogbo ibí yìí" kì í ṣe ìbuwọ́lùwé.

Lẹ́yìn ẹbí, ẹ bi àwọn tó ti ń gbé níbẹ̀. Ìyá tó ń ta oúnjẹ ní ìkóríta lè mọ̀ pé ẹbí méjì ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ yẹn, èyí tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi hàn yín. Kí lọ́yà yín wo kóòtù gíga àdúgbò náà bóyá ẹjọ́ kankan ń lọ lórí rẹ̀. Lọ́yà yín ni mo wí, kì í ṣe ti ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ fi owó lọ́yà pamọ́ níbi tí owó ilẹ̀ ti gùn. Ẹni tó dá wà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí lọ́yà yìí ni ẹni tí yóò sọ fún un pé kó ṣe sùúrù.

Ìwé, láti orí sọ́féyọ̀ dé ọ́fíìsì gómìnà

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́féyọ̀ ilẹ̀ náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Orúkọ sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn òpó sìmẹ́ǹtì kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀. Sọ́féyọ̀ tiyín ni kó lọ bá yín wọn ilẹ̀ náà, kó sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì sọ́féyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, Alausa ní Èkó, Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta tàbí Agodi ní Ìbàdàn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí máàpù ìjọba. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, ọ̀nà tàbí ilé ìwé, ẹ sá fún un. Àwọn mìíràn wà tí ìjọba kàn fi orúkọ sí lódindi. Àwọn wọ̀nyí lè ṣeé yanjú, bí owó àti ìwé bá pé. Ìjọba sì máa ń yọ apá kan padà fún abúlé, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde wọn. Èyí ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń pè ní "excision àti gásẹ́ẹ̀tì". Kí ẹ má ṣe gba orúkọ rẹ̀ gbọ́ lásán. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìkéde náà hàn yín, kí sọ́féyọ̀ sì wò ó bóyá pulọ́ọ̀tì yín wà nínú ìwọ̀n ibi tí wọ́n yọ.

Nígbà tí gbogbo èyí bá bọ́ sí i, kí ẹ sanwó gba báńkì sí àpò ẹbí tàbí ẹni tó ń tà, kí ọjọ́ àti iye wà nílẹ̀. Owó àfọwọ́kà nínú ọ̀rá dúdú kì í sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Ẹbí á kọ risíìtì, lọ́yà yín á sì kọ ìwé tí wọ́n fi gbé ilẹ̀ náà lé yín lọ́wọ́, èyí tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé yóò buwọ́ lù níwájú ẹlẹ́rìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, ọ̀nà kò sì tíì tán. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, ó sì ní kí ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Bí ilẹ̀ náà bá ti ní C of O tẹ́lẹ̀, ìwé ìní tó sábà máa ń jẹ́ ọdún 99, ìyọ̀ǹda gómìnà ni olùrà tuntun yóò wá. Bí kò bá ní, òun ni yóò tọrọ C of O fúnra rẹ̀. Wọ́n á san owó òǹtẹ̀ ìjọba, wọ́n á sì forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì máa ń pẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e lẹ́ẹ̀kan náà lè ṣe é ní ìdá, àmọ́ kó fi í sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń wò

Ilẹ̀ tó wà láìsí ohun kankan lórí rẹ̀ a máa wu ẹlòmíràn. Kí olùrà tètè ro ó, kó sì fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, kódà kó má ju ìlà mẹ́ta lọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn fi lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, lílo ilẹ̀ náà àti pípẹ́ lórí rẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹ bá aládùúgbò tó ti ń gbé níbẹ̀ ṣọ̀rẹ́, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà fóònù yín.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò wá. Wọ́n á béèrè owó ìpìlẹ̀, owó fẹ́ńsì, owó dẹ́ẹ́kì, owó páànù. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2016 láti dáàbò bo ohun ìní kò gbà wọ́n láyè láti dá ẹni tó ń kọ́lé dúró nítorí irú owó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fi ipá gba ilẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan rí i pé ó rọrùn láti dúnàádúrà pẹ̀lú wọn ju kí wọ́n máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Èyí ó wù kí ẹ ṣe, ẹ má ṣe dá bá wọn pàdé ní sáìtì, pàápàá lálẹ́. Kí wọ́n rí i pé lọ́yà, ẹbí tó ta ilẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò mọ̀ yín.

Kíkọ́lé lọ́wọ́ kan

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ní Èkó, àjọ LASPPPA ló ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, LASBCA ló sì ń wò ó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ilé tó wó ní Èkó kò lóǹkà, àìsí àbójútó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń fà á.

Ẹni tó dá wà kò nílò ilé ńlá lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n a kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìnkùlé, yàrá kan àti pálọ̀ pẹ̀lú balùwẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì kó wọlé kí owó ilé tí wọ́n ń san dáwọ́ dúró. Owó yẹn ni wọn yóò fi kọ́ ti iwájú. Àwọn mìíràn kọ́ yàrá méjì-méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń gbé inú ọ̀kan, wọ́n fi èkejì háyà, ayálégbé kan sì ń san owó tí ìbá ti jẹ́ ti alábàáṣe.

Níbi iṣẹ́ gan-an, ohun tó ń jẹ ẹni tó dá wà run ni àìsí ní sáìtì. Bíríkìlà ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹni tó ń kọ́lé lè wá. Ọgbọ́n wà fún un. Ẹ má ṣe fi owó iṣẹ́ lé bíríkìlà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san án ní ìpele: nígbà tí ìpìlẹ̀ bá dé òkè ilẹ̀, nígbà tí ògiri bá dé orí fèrèsé, nígbà tí wọ́n bá rẹ́ ẹ. Ẹ ra sìmẹ́ǹtì àti irin fúnra yín, kí ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo àpò òfìfo jọ, kí ẹ kà wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: àpò tí kò sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti lọ sí sáìtì ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ń mọ búlọ́ọ̀kù ní sáìtì, àpò 50 kìlógíráàmù kan tó fún bíi 30 sí 35 búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá fi mọ 50, yóò fọ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n sì máa bu omi sí i kó tó gbẹ. Ẹ wá onímọ̀ ẹ̀rọ ilé kan tí yóò máa wá wò ó kí wọ́n tó da kọnkéré, ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ bíríkìlà.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, wà nínú ìṣòro yìí ní ìlọ́po méjì. Ìtàn ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń fi fọ́tò ilé onílé ránṣẹ́ sí pọ̀ nígboro. Kí ó fún ẹni kan ní àṣẹ láti ra ilẹ̀ lórúkọ òun, nínú ìwé tí lọ́yà kọ, kí ẹlòmíràn tí kò bá ẹni àkọ́kọ́ tan máa lọ ya fọ́tò, kí owó sì máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà. Ẹni tó ń ra nǹkan àti ẹni tó ń wò ó kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn ìwọlé

Onílé kì í sinmi. Ẹgbẹ́ onílé á máa pe ìpàdé lórí ọdẹ alẹ́, ọ̀nà àti tiransífọ́mà. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn kan lè ní kí ọ̀dọ́bìnrin tó wá síbẹ̀ lọ pe bàbá rẹ̀ wá. Kó jókòó, kó san owó tirẹ̀, kó gba risíìtì. Ìpàdé kẹta, wọn yóò ti mọ̀ pé òun gan-an ni lándíléèdì. Ní Èkó, owó ilẹ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge wà pẹ̀lú, risíìtì rẹ̀ sì lè kún ẹ̀rí pé ilé náà ti yín ni. Páànù yóò jò, pọ́ńpù yóò bàjẹ́. Kí owó díẹ̀ máa wà fún àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ló kù, ọ̀rọ̀ ikú. Bí ẹni tó ní ilé bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, tí kò sì bímọ, àṣà Yorùbá á máa gbé ohun ìní rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó tọ́jú rẹ̀, ọmọ tó gbà tọ́, kò sí nínú ìṣirò náà. Orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù báńkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ni kò sọ ẹni náà di ajogún. Ìwé ìhágún ló ń ṣe é: kí ó wà ní kíkọ, kí olówó buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, tí wọn kò sì ní ìpín nínú rẹ̀. A lè fi í pamọ́ sí kóòtù gíga.

Bí onílé bá wá rí ẹni fẹ́, ilé tó ti ní kó tó ṣègbéyàwó kò di ti ọkọ tàbí ti aya nítorí pé wọ́n jọ ń gbé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jọ ní in, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n sì rántí pé ìgbéyàwó kóòtù a máa fagi lé ìwé ìhágún tí èèyàn ti kọ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó padà lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ Ajé.

Kí gbogbo ìwé wà ní ojú kan: risíìtì, ìwé sọ́féyọ̀, ìwé ìgbélénilọ́wọ́, àṣẹ ìkọ́lé, C of O tàbí ìyọ̀ǹda gómìnà, ìwé ìhágún. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ lọ́yà, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ ọmọ ìyá tàbí ọ̀rẹ́ tí ojú ń ro. Orúkọ ẹyọ kan ló tó lórí ìwé ilé, àmọ́ kí ẹni tó mọ ibi tí ìwé náà wà má ṣe dín ní méjì.